Ẹsẹ̀ Ni Mo Pè

"Mo-ń-bọ̀!"

Màmá rẹ̀ ló ń pè é láti yàrá iwájú, níbi tí gbogbo ilé ti jókòó dè é. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ náà wọlé. Láti kékeré, bí wọ́n bá ti pè é, "Mo ń bọ̀" ni yóò dáhùn, yóò sì wà níbi tó wà títí ẹni tó pè é yóò fi dìde lọ ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé kíláàsì àṣekágbá, orúkọ náà ti mọ́ àwọn olùkọ́ pàápàá lẹ́nu.

Ọjọ́ kìíní ọdún ni. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí oníkálukú sọ ohun tó fẹ́ yí padà lọ́dún tuntun. Òun fúnra rẹ̀ kò ní fi eyín gé èékánná mọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ náà ni àtàǹpàkò wà lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi, awò ojú ni màá lọ ṣe," ni Màmá wí. Aránṣọ ni. "Abẹ́rẹ́ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Màá na òwú sí i, òwú á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá."

Ló bá kan Mo-ń-bọ̀, ọmọbìnrin ilé náà. Ó dìde, ó fi ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó fẹ́ búra fún olólùfẹ́. "Láti òní lọ, ẹ ò ní gbọ́ 'mo ń bọ̀' lẹ́nu mi mọ́."

"Kí la ó wá máa pè ọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè. "Ó-ti-dé?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ."

Ó sì mú un ṣẹ lóòótọ́. Bí Màmá bá pè é báyìí, "Mo gbọ́, mà" ló ń wí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ rárá, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ìpinnu òun fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ ìdí rẹ̀ kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, Màmá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ni mo pè, ọmọ mi. Etí ló ń dá mi lóhùn."

Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín.

Fóònù ló so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, Oníkámẹ́rà ló sì so ó mọ́ fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán tó dojú kọ ilé wọn. Ó ga, ó sì ní ẹ̀rín kan tó máa ń kọ́kọ́ yọ lójú kó tó dé ẹnu. Bí ó bá ti fi "Ṣé o ti jẹun?" ránṣẹ́ báyìí, àyà ọmọbìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù bíi pé ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn níbẹ̀.

Ní àkókò yìí, gáùn ìgbéyàwó ló wà lórí ẹ̀rọ Màmá. Nọ́ọ̀sì kan ló ni ín, funfun báláú ni.

"Bí gáùn yìí bá dára, àwọn nọ́ọ̀sì tó kù á tẹ̀lé e wá," ni Màmá máa ń wí. "Bí kò bá dára, wọ́n á ní ojú mi ti lọ. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ ná."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná lọ. Màmá tan fìtílà, ó sì pè é. "Wá bá mi wo òwú méjì yìí. Èwo ló funfun?"

"Mo gbọ́, mà."

Bó ṣe fẹ́ dìde ni fóònù tàn. Oníkámẹ́rà ló kọ̀wé: "Ọ̀gá mi ní kí n dá ya ẹni tó bá wù mí lọ́la. Ìwọ ló wù mí."

Ó kà á, ó tún un kà. Ìwọ ló wù mí. Màmá tún pè é.

"Mo ti gbọ́, mà."

Màmá kò pè é mọ́. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé.

Ní òwúrọ̀, ó ti wọṣọ, ó ti kun àtíkè, bàtà rẹ̀ tó dára jù ló wọ̀. Màmá gbé gáùn sókè lẹ́bàá fèrèsé.

"Wò ó kí o tó jáde. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́sàn-án, ọ̀la ni ìgbéyàwó. Ṣé ó dára?"

Oòrùn ràn sí i. Ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì àti ní etí ìsàlẹ̀ yípo, òwú aláwọ̀ wàrà ni Màmá fi rán an, bíi pé tíì ta sí i. Màmá kò rí i. Ojú rẹ̀ ń dán, ó ń retí.

"Ó dára." Ohun tí Màmá fẹ́ gbọ́ kò ju ìyẹn lọ. Ọmọbìnrin náà ì bá sọ ọ́, kó sì sọdá títì lọ síbi tí iná àti ẹ̀rín yẹn ti ń dúró dè é. Àmọ́ ó rí ìyàwó láàárín èrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gbọ́ wọn: aránṣọ yẹn kò mà ríran mọ́.

"Màmi, òwú yìí kọ́."

Màmá gbé e súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi kàn án. "Àwọ̀ wo ni?"

"Àwọ̀ wàrà ni, mà."

Màmá jókòó. "Mo pè ọ́." Kò pariwo. Ohun tó dun ọmọbìnrin náà jù nìyẹn.

"Ẹ pè mí, mà. Mo gbọ́, mi ò wá."

Ó bọ́ bàtà, ó mú rẹ́sà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú náà jẹ́jẹ́. Fóònù tún tàn. "Mo ti to iná sílẹ̀. Níbo lo wà?"

Ìka rẹ̀ ti kọ "Mo ń" kí ọkàn rẹ̀ tó jí. Ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ọ́ pé: "Mi ò lè wá. Mo ba iṣẹ́ Màmá mi jẹ́, à ń tún un ṣe. Má dúró dè mí."

"Ó dáa," ni èsì. Kò sí nǹkan míì lẹ́yìn rẹ̀. Omi kán sílẹ̀ lójú rẹ̀, ó yára fa gáùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà kán sí i.

Ọwọ́ gáùn kan ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé. "Màmá, kí lẹ fi gáùn mi ṣe?"

Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà ṣáájú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀bi mi ni. Wọ́n ní kí n wá wo òwú, mi ò wá. Ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì fa àpótí jókòó. "Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́. Ọgbẹ́ ni mò ń rán níbi iṣẹ́, aṣọ ò ní pariwo mọ́ mi."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, rẹ́sà ni màá fún ọ. Fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún mi."

Nọ́ọ̀sì ń tú, ọmọbìnrin náà ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́, Màmá ń rán. Oòrùn ti ń wọ̀ kí gáùn tó funfun láti òkè dé ilẹ̀.

"Ó dára, Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí nígbà tó ń lọ. "Àmọ́ ẹ já mi láyà. Mi ò lè pa irọ́ fún yín."

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá àti ọmọ jọ lọ wọn awò ojú. "Èmi náà ṣáà ti ń sọ fún awò ojú pé mo ń bọ̀," ni Màmá wí lójú ọ̀nà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Oníkámẹ́rà sọdá títì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó na àwòrán kan sí i. Àga kan ṣoṣo ni, iná yí i ká, kò sẹ́ni lórí rẹ̀.

"Àga tí o ò wá jókòó lé nìyẹn. Ọ̀gá mi ní ó dà bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀."

"Ṣé ò ń bínú?"

"Mo bínú gan-an ni. Àmọ́ o ò tàn mí." Ẹ̀rín náà yọ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi o!" Màmá ni, láti inú ilé. Ọmọbìnrin náà ti yí padà kí ìpè tó parí.

"Ṣé wàá padà wá?" ni Oníkámẹ́rà bèèrè.

Ọ̀rọ̀ tó ti kọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ ọdún wá sórí ahọ́n rẹ̀. Ó ti yé e báyìí pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ tí kò tẹ̀ lé e ló ṣẹ̀. Ìpinnu ọdún tuntun kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn pààrọ̀ lẹ́nu, ohun tí èèyàn dìde ṣe ni.

"Mo ń bọ̀," ló wí.

Ó wọlé, ó bá Màmá di etí aṣọ mú títí wọ́n fi gé e tán, ó sì padà wá.