Igò Tí Adétutù Gbé Wá Láti Etí Òkun

Bí èèyàn bá ti ìrìnàjò dé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í tíì jókòó tán tí wọ́n á ti máa tú báàgì rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dún 1998, nígbà tí Adétutù, ọmọ Iléṣà tó fẹ́ apẹja lọ́hùn-ún létí òkun, dé sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Dàda Estate, l'Óṣogbo. Akíndélé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá ṣiṣẹ́. Màmá wọn àti Phebe, ìyàwó Akíndélé, ló bá nílé. Ara Ìbùkún, ọmọ Phebe, ń gbóná.

"Adétutù, o mà ti rù o! Àbí ẹja ti tán lókun ni?" Màmá fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Adétutù wọra. Ọ̀pá epo ti bẹ́ lójú òkun, epo rọ̀bì ti bo omi wọn, àwọ̀n ọkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó bu epo náà sínú igò ọtí kan kí Akíndélé lè bá wọn fi han ìjọba. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí Màmá máa dá ara rẹ̀ láàmú.

"Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ná, Màmá. Màá ròyìn."

Nígbà tó fi máa jáde nílé ìwẹ̀, Màmá ti ń nu ṣíbí.

"Ọlọ́run á kẹ́ ọ! Àdín tí mò ń wá kiri kí gìrì má baà gbé ọmọ yìí lo gbé wá. Mo ti bù ú nínú igò tó wà nínú báàgì rẹ, mo fún un ní ṣíbí kan."

Ọ̀fìnkìn ti dí Màmá nímú, kò gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá.

"Yéè! Mo dáràn! Màmá, epo rọ̀bì ni! Òun ló ń pa ẹja wa!"

Phebe figbe ta. Ó sáré gbé epo pupa, ó fẹ́ rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu kó lè bì. Ọpẹ́lọpẹ́ Nọ́síràtù, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ojúlé kejì, tí ariwo gbé wọlé.

"Ẹ dúró! Ẹ má fún un ní nǹkan kan! Tó bá bì, epo yẹn lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pa wọ́n. Ilé ìwòsàn yá! Ẹ mú igò náà dání kí dókítà rí i."

Ìbùkún ti ń wúkọ́, ó ń mí gúlegúle. Adétutù gbé e, ó sáré jáde láìwọ bàtà.

"Hà, kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Kí ló dé?" ló ń wí lójú ọ̀nà.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ọmọ sí ọ́síjìn, nígbà tó yá, èémí rẹ̀ balẹ̀. Màmá jókòó tì í, ẹ̀rù ò tíì kúrò lójú rẹ̀.

"Adétutù, ṣíbí kan péré ló ṣe báyìí. Àwọn ọmọ yín létí òkun ńkọ́?"

"Inú rẹ̀ ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, Màmá. Omi ọ̀sà tí epo náà wọ̀ la ṣì fi ń se oúnjẹ."

Màmá káwọ́ lérí.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe rọ epo rọ̀bì, kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù sínú igò tí wọ́n fi ń mu nǹkan, ẹ má sì fún ọmọ ní ohun tí ẹ ò bi ẹni tó ni ín. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí òkun, ẹ má jẹ ẹja tí epo bò, ẹ má bu omi náà, ẹ tètè fi tó ìjọba ìbílẹ̀ yín létí. Àwa tá a jìnnà sí òkun, bí wọ́n bá ń ké, ẹ jẹ́ ká bá wọn ké. Ohun tí Ìbùkún mu lẹ́ẹ̀kan, ojoojúmọ́ làwọn ọmọ tiwọn ń mu ún.