Àmì Agogo Méjìlá

Agogo mọ́kànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni mo fi bírò fa àmì sí iwájú agogo méjìlá lára ìwé tó wà lára ògiri. Mo tún fa ti agogo méjì mọ́ ọn. Bàbá mi fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí fèrèsé tí a ti ń rí odò. Jemima ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń fi ẹsẹ̀ jó.

"Ten minutes, we go don come back," ó wí. "Papa no even dey feel am."

Òótọ́ ni, wọn ò mọ̀ ọ́n lára. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n já bọ́ láti orí tírélà tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní èbúté, láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ sì kú tipiri. Nọ́ọ̀sì Adùnọlá, ọmọ ìjọ wa, ló kọ ìwé ara ògiri náà: kí a máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹni tó bá yí wọn sì fa àmì. Nọ́ọ̀sì ṣèlérí pé bí ara wọn bá wà láìní egbò, kí Kérésì tó dé, wọn á jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí ìjọ fún wa, a ó sì tì wọ́n lọ sí etí odò. Ọmọ Ìlàjẹ ni Bàbá mi. Kò sí ohun tó ń wù wọ́n ju omi lọ.

Màmá mi ń ta ẹja ní ọjà Pessu. Ìdájí ni wọ́n máa ń nu ara Bàbá mi, kí wọ́n tó jáde. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, nítorí náà èmi Ọpẹ́mipọ̀ ni ìtọ́jú ọ̀sán já lé léjìká. Èmi náà rèé tí mò ń sá lọ kọ́ ijó tí a fẹ́ jó lọ́jọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá Jemima di wákàtí mẹ́rin, ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má wulẹ̀ dá mi láre.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, mò ń tún aṣọ ṣe fún wọn nígbà tí mo rí ojú kan tó dúdú ní ìbàdí ọ̀tún. Mo fọwọ́ kàn án, ó le, ó sì gbóná. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n awọ kò bó, ẹ̀jẹ̀ kò jáde, mo sì fi ìyẹn tu ara mi nínú. Nílé wa, bí ibì kan bá le lára ènìyàn, àbòníkì la fi ń wọ́ ọ títí yóò fi rọ̀. Mo bu àbòníkì, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi gbogbo agbára wọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sọ fún ẹnì kan. Òmùgọ̀ ni mí.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé ní Sátidé, ìwé ara ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ kà, wọ́n sì yìn mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká aṣọ sókè. Awọ ti là, kò ju ojú bọ́tìnnì lọ, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì fọwọ́ yí ibẹ̀ ká, ojú wọn sì yí padà. Wọ́n gbọ́ òórùn àbòníkì, mo ní òun ni mo fi ń wọ́ ibẹ̀.

"Ẹran ara tó wà láàárín egungun àti ibùsùn ló máa ń kọ́kọ́ kú," wọ́n wí, "awọ ló ń gbẹ̀yìn. Tí ẹran ara bá sì ti bàjẹ́ báyìí, ó ń le. Bí o bá kó ẹja gbígbẹ mọ́ ẹja tútù nínú apẹ̀rẹ̀ kan, tí o gbé ẹrù lé e, èwo ni yóò fọ́?"

Mo ní ẹja tútù ni.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni eléyìí. Èyí tó ti le ń fún èyí tó ṣì yè pa. Ìwọ tún wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Wọ́n wo àwọn àmì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wá bi mí bóyá lóòótọ́ ni mò ń yí Bàbá mi. Kí n tó la ẹnu, Bàbá mi ti dáhùn pé mò ń yí wọn dáadáa. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò. Ihò tó kù gba ìkúùkù Màmá mi. Ọjọ́ márùn-ún ni ibà fi gbé Bàbá mi dè, mo sì jókòó tì wọ́n, ẹ̀rù ikú ń bà mí. Nígbà tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀, mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi fẹjọ́ mi sùn.

"Ọpẹ́, fèrèsé kan náà ni mò ń wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀," wọ́n wí. "Mo fẹ́ kí o jó. Mo rò pé ohun tí kò dùn mí kò lè pa mí."

Mo sunkún.

Kérésì dé, ó kọjá. Kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà ní pálọ̀, kíká la ká a, nítorí Bàbá mi ò gbọdọ̀ jókòó títí egbò náà yóò fi jinná. Jemima jó, n kò lọ wò ó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ní báyìí, bí agogo méjìlá bá lù, Bàbá mi ni mo kọ́kọ́ ń yí, kí n tó mú bírò. Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ má fi irọ́ ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́: àmì orí ìwé kò yí ẹnikẹ́ni padà. Bí Bàbá mi bá ti kọjú sí ògiri, wọ́n á ní kí n wo odò láti ojú fèrèsé, kí n sọ ohun tí mo rí fún wọn. Mo sì ń sọ ọ́, ọkọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí agogo méjì yóò fi lù.