Ibi Tí Àwọn Ahun Kọjú Sí

Ẹni tó bá mọ̀ mí kò ní gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, n kò sì ní bá a jà. Èmi ni mo lẹ àkọlé mọ́ kéèjì tó ṣófo nínú ọgbà ẹranko wa pé: "Ẹ rọra, ẹranko yìí ń tijú." Àwọn èèyàn tò lọ bẹẹrẹ. Ọ̀gá wa pàápàá dúró níbẹ̀ títí, ó ní òun rí ìrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. Kò sí àwàdà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo kọ́ ní pólì; ìdí kọ̀ǹpútà ọgbà ẹranko ni ayé gbé mi jù sí. Àwọn ọgbà ẹranko àtàwọn ilé ẹja káàkiri ayé máa ń kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹranko wọn jọ sójú kan. Ohun tó ń jẹ, bó ṣe wúwo tó, àìsàn tó ṣe é, ẹyin tó yé. Ohun tí ọgbà kan bá fojú winá kó tó mọ̀, àwọn yòókù á kàn kà á ni. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí irú ẹranko kan pa rẹ́ láyé.

Irú ahun kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ẹyọ kan la ní, abo ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pè é. Ìyá ìyàwó mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Àtìgbà tí bàbá ìyàwó mi ti kú, ahun yìí ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí tọkọtaya tí kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ oúnjẹ. Ìbẹ́pẹ, ewé tútù, kò fẹnu kàn án. Dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí àìsàn kankan. Ó mirí.

"Bí kò bá jẹun, á kú."

Màmá wọlé bá mi, ìbẹ́pẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aláwàdà, bá mi bi àwọn yòókù léèrè."

"Kí n bi wọ́n pé kí ni, Màmá?"

"Pé kí ni ká ṣe fún un. Ṣé torí ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe ń da ọ̀rọ̀ yín pọ̀ ni?"

Mo kọ̀wé ránṣẹ́. Èsì tètè dé, ṣùgbọ́n ọ̀kankan kò dárúkọ oúnjẹ. Ọgbà kan nílẹ̀ olótùútù ní: "Àwọn ahun tiwa kọjú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti àná. Wọn kò mira. Ṣé tiyín náà?" Ilé ẹja kan létí òkun ní tiwọn kẹ̀yìn sómi, ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀kẹta ní: "Igun kan ni tiwa ń wò. Ó dà bíi pé wọ́n ń gbọ́ nǹkan."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé aláwàdà ti pàdé aláwàdà. Síbẹ̀, mo ní kí wọ́n wọn ibi tí ahun wọn kọjú sí gan-an, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Mo gbé àwòrán ayé roboto tí ọmọ mi fi ń kàwé wá láti ilé, mo gba òwú ìránṣọ lọ́wọ́ Màmá. Mo fi òwú sórí ọgbà kọ̀ọ̀kan, mo sì nà án lọ síhà ibi tí ahun rẹ̀ ń wò.

Òwú àkọ́kọ́ gba orí ìlú wa kọjá. Ìkejì náà gba ibẹ̀. Ìkẹta náà.

Níta, àwọn ẹyẹ dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù kọ̀ǹpútà nìkan ni mò ń gbọ́.

Mo gbé àwòrán ayé náà lọ bá ọ̀gá. Ó wo òwú, ó wò mí.

"Ẹranko tó ń tijú ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ti òní yàtọ̀."

"Jáde ní ọ́fíìsì mi."

Mo gbé e lọ fi han Màmá. Ó wo ojú ibi tí àwọn òwú ti pàdé. Ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ṣé o gbọ́? Gbogbo ẹbí rẹ ló ń wò ọ́. Má dójú tì mí o. Jẹun."

Ahun náà na ọrùn. Ó pẹ́ kó tó dé ibi tí ìbẹ́pẹ wà. Ó bù ú jẹ.

Kó tó jẹ ẹ́ tán, ìròyìn ti ń wọlé wá: tiwọn ti ń rìn kiri. Ọ̀gá ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, Màmá kò wá síbi iṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pé ó kàn rẹ òun ni. Mo gbé oúnjẹ lọ fún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò wò mí. Ó kọjú sí ògiri.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ìròyìn ti dé.

"Tiwa tún ti yí o."

"Tiwa náà."

Àwòrán ayé ọmọ mi kéré jù láti fi ya ilé kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Mo gbé kọ́ńpáàsì tí mo ti ní láti pólì lé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn, mo mú ojú ọ̀nà tó ń wò, mo sì tẹ̀ lé e. Mo fo ògiri. Mo gba ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì. Mo gba àárín aṣọ tí obìnrin kan sá, mo bẹ̀ ẹ́. Ojú fèrèsé yàrá Màmá ni mo já sí.

Mo wọlé. Ó dùbúlẹ̀. Oúnjẹ àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti gan.

"Màmá, ẹ ò jẹun."

"Kò wù mí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Gbogbo ẹbí yín ló ń wò yín o."

Mo retí kó pè mí ní aláwàdà. Kò pè mí. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Mo mọ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ojú wọn ti ń wúwo lára mi láti àárọ̀. Bu nǹkan wá, ká jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Ó jẹun.

Màmá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun àti ahun rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. N kì bá tí sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, bí kì í bá ṣe ti òwúrọ̀ òní.

Mo débi iṣẹ́. Èsì ti kún kọ̀ǹpútà. Tiwọn tún ti yí. Mo mú kọ́ńpáàsì, mo sáré lọ sọ́dọ̀ Màmá. Ó wà níbẹ̀, ara rẹ̀ le, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò wò ó.

Èmi ló ń wò. Mo sún sọ́tùn-ún. Orí rẹ̀ bá mi lọ. Mo sún sósì.

Màmá dákẹ́ orin. Ó gba kọ́ńpáàsì lọ́wọ́ mi, ó fi ìbẹ́pẹ ahun sí mi lọ́wọ́.

"Jókòó," ni Màmá wí. "Jẹun."

Ara mi le. Mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé. Mo jẹ ìbẹ́pẹ náà. Mo tún jẹ búrẹ́dì lé e.

Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Àwọn ahun kò tíì yí ojú padà.