Láptọ́ọ̀pù Tó Pòórá Láàárọ̀ Ìdánwò

Kò sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n rìn tó kí orí má mì. Ẹni tó bá ní tòun kì í mì, ẹ wò ó dáadáa, bóyá ó ti dúró sójú kan ni.

Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, orí tábìlì Nọ́ọ̀sì ṣófo. Ìwé wà níbẹ̀. Gègé wà níbẹ̀. Ife omi wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó máa ń wà láàárín wọn ti lọ. Aṣọ tábìlì ṣì tẹ̀ wọlé ní ibi tó máa ń jókòó sí.

Nọ́ọ̀sì wà létí bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ òru ló ti dé. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wo tábìlì náà bí ẹni tó ń wo aláìsàn tí èémí rẹ̀ ń lọ.

Ìsípẹ́kítọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti àgọ́ ọlọ́pàá ìsàlẹ̀ òpópónà ló ti fẹsẹ̀ rìn wá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń bá olè fà á, ó ti rí olè wúrà, ó ti rí olè mọ́tò. Irú ojú tí ọmọ yìí fi ń wo tábìlì, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyí, síbẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lára.

"Aago mélòó ni ìdánwò?"

"Aago méjìlá ọ̀sán, mà."

"Ṣé a ò lè yá láptọ́ọ̀pù míì fún ọ?"

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Èyí gan-an la fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ wa ká má jíwèé wò, inú rẹ̀ ló wà. Òmíràn ò lè ṣí ìdánwò náà. Tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni. Òní sì ni ìdánwò ìkẹyìn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lé ààyè yìí, mà. Tó bá bọ́ lónìí, ó bọ́ nìyẹn."

Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló kù.

Ní pálọ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì ń gbàdúrà, ó tún ń bínú, ẹnu kan náà ló fi ń ṣe méjèèjì.

"Olúwa, Ìwọ tó ń rí ohun tó wà níkọ̀kọ̀, tú àṣírí yìí! Ìsípẹ́kítọ̀, Tíṣà ni kẹ́ ẹ mú, ayálégbé tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń bẹ ọmọ mi pé kó yá òun ní láptọ́ọ̀pù náà. Ó ti fi ojú jẹ ẹ́ tán kó tó fi ọwọ́ gbé e!"

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Amòye ni gbogbo ilé ń pè é. Rédíò àti fáànù ló ń tún ṣe. Òun ló yan láptọ́ọ̀pù náà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì fi rìn kiri ìsọ̀ kó tó rí èyí tó wù ú. Ó ti wá sùn tì wọ́n láti ọjọ́ márùn-ún, kó lè wà nítòsí lọ́jọ́ ìdánwò.

Ìyá Nọ́ọ̀sì kọjú sí i. "Amòye! Ọmọ a-tú-ẹ̀rọ-palẹ̀-tún-un-tò! Rédíò tó dákẹ́ lọ́dún mẹ́ta, o fọwọ́ kàn án, ó ké bí ọmọ tuntun! Ìwọ náà sọ̀rọ̀ o."

Amòye tẹ orí ba. "Ẹ jẹ́ kí n lọ po tíì fún Ìsípẹ́kítọ̀." Ó dìde. Báńdéèjì funfun wà ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ọ̀bẹ ni, mà. Búrẹ́dì ni mò ń gé."

Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ojú tẹ̀ lé e dé ilé ìdáná. "Ìbànújẹ́ ti mú un. Tí mo bá ti kì í báyìí, 'Èmi mà ni!' ló máa ń fi dá mi lóhùn, kódà kó wà nínú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú."

Ìsípẹ́kítọ̀ fa gègé yọ. Ó ṣí ìwé pélébé rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó pa á dé.

Ó padà sí yàrá Nọ́ọ̀sì. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀ ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yọ orí síta. Lábẹ́ fèrèsé gan-an, sìmẹ́ńtì tuntun wà nílẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹní. Ó ń dán. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò sí lórí rẹ̀, ti adìyẹ pàápàá kò sí.

"Ta ló rẹ́ sìmẹ́ńtì yìí?"

"Èmi ni o, èmi olè!" Tíṣà ló dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ó tu itọ́ dànù, ó súnmọ́ tòsí. "Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo rẹ́ ẹ, omi ẹ̀gbin ti fẹ́ gbẹ́ ibẹ̀ tán. Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Àfi Bọ̀dá Amòye ni mi ò rí sọ fún, wọ́n ti sùn."

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ yá láptọ́ọ̀pù náà."

"Mo fẹ́ yá a, wọn ò yá mi. Ṣé ẹni tí wọn ò yá ní nǹkan ti di olè nìyẹn? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti jí mọ́tò ọ̀gá iléèwé wa lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé ẹ gbọ́ ariwo kankan láàárọ̀?"

"Ariwo kọ́, òórùn ni. Ó tó aago márùn-ún ààbọ̀. Òórùn kan báyìí tó dùn nímú, bí omi táwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Láti ilé ìdáná ló ti ń bọ̀. Mo ní bóyá Nọ́ọ̀sì ló tètè dé."

Ìsípẹ́kítọ̀ yíjú padà sínú yàrá. Lórí ìkọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ṣájà láptọ́ọ̀pù náà wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Olè wo ló ń jí ẹṣin tó ń fi ìjánu sílẹ̀?

Ó kọjá sí ilé ìdáná. Amòye ti gbé tíì síta. Kọ́kọ́rọ́ yàrá Nọ́ọ̀sì, èyí tó jẹ́ ìkejì, wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè mú un. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, garawa yanrìn tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ Tíṣà wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti fi ọwọ́ tẹ́ ojú yanrìn náà pẹrẹsẹ.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ra abẹ́ tábìlì. Nǹkan kan gún un ní ìka. Síkúrù dúdú ni, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì.

*

Ọlọ́jà tó ta láptọ́ọ̀pù náà ní ìsọ̀ ní oríta. Ẹlẹ́nu-bí-Rédíò ni wọ́n ń pè é, kò sì ta kò wọ́n. Ó fi awò wo síkúrù náà.

"Ó ti yé mi. Abẹ́ láptọ́ọ̀pù tín-ín-rín yẹn ló ti wá. Ẹ wo orí rẹ̀, igun márùn-ún ló ní. Mẹ́wàá irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ta ló tú u?"

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ná. Wọ́n sọ nílé Nọ́ọ̀sì pé ẹ̀ ń wá ọ̀nà láti gbà á padà."

"Mo wá ọ̀nà! Nọ́ọ̀sì wá síbí lọ́jọ́ Ajé. Ó ní bátìrì rẹ̀ ò lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ mọ́. Ìdánwò wákàtí mẹ́ta! Ta ló fọkàn tán iná? Mo ní kó gbé e wá, màá pààrọ̀ bátìrì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun máa kọ́kọ́ sọ fún bọ̀dá òun kó má baà dà bí ẹni pé òun fojú di wọ́n. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́."

"Ṣé bọ̀dá náà ló yàn án?"

"Ẹ má pa mí lẹ́kún! Èyí tó nípọn ni mo kọ́kọ́ gbé jáde. Ó wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí mẹ́wàá, ó ṣeé yọ, tó bá ṣubú á dìde. Mo ní ọmọ tó fẹ́ fi kàwé, tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́, tó tún fẹ́ gbé e rìnrìn-àjò, ohun tó ṣeé gbára lé ló yẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tó dùn-ún wò. Bọ̀dá yìí fi mí rẹ́rìn-ín níwájú àwọn oníbàárà mi. Ó ní ọlọ́jà lèmi, òun ni amòye. Ó mú tín-ín-rín. Àtè ni wọ́n fi lẹ bátìrì ìyẹn mọ́ inú."

"Tí ènìyàn bá fi ọ̀bẹ tú u ńkọ́?"

Ẹlẹ́nu-bí-Rédíò gbé awò sílẹ̀.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Tó bá gún un, á wú, á tú èéfín, á máa rùn bí omi ìpa-ọ̀dà-èékánná. Yóò jó ẹni náà lọ́wọ́."

"Ẹ ti ìsọ̀," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Kí wọ́n tó lọ, ó pe nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ náà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì lo ẹ̀rọ míì. Ohùn obìnrin kan dáhùn, ó dùn bí oyin.

"A bá yín kẹ́dùn, mà. Òfin ni."

"Ọlọ́pàá ni mí. Mo lè kọ ìwé sí yín pé olè jà wọ́n."

"A bá ọlọ́pàá náà kẹ́dùn, mà. Ìwé tó bá dé lẹ́yìn aago méjìlá kò lè ṣí ohun tó ti tì."

"Ọmọ náà ò ṣẹ̀."

"A kò sọ pé ó ṣẹ̀, mà."

Fóònù náà kú. Ìsípẹ́kítọ̀ dì í mú sọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó ti fi ọwọ́ yẹn kan náà de ọ̀daràn mọ́lẹ̀ rí. Lónìí kò rí ẹni tí yóò dè.

*

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo wọn wà ní pálọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ranjú mọ́ Tíṣà.

"Ẹ fi Tíṣà sílẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Olè kankan ò gba ojú fèrèsé. Ẹni tó bá bẹ́ síta níbẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ tẹ sìmẹ́ńtì tútù. Tíṣà fúnra rẹ̀ ò ní ya àwọ̀n ibẹ̀, ó mọ̀ pé sìmẹ́ńtì náà yóò tú àṣírí òun. Ẹni tó ya á ni ẹni tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ lánàá."

Ìsípẹ́kítọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ẹni náà fi ṣájà sílẹ̀. Kò fẹ́ lo láptọ́ọ̀pù náà, títú ló fẹ́ tú u. Ó sì tú u, lórí tábìlì ilé ìdáná, láago márùn-ún ààbọ̀." Ó na ọwọ́, síkúrù náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Tíṣà gbọ́ òórùn rẹ̀. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé garawa yanrìn ilé ìdáná wá, kẹ́ ẹ dà á."

Tíṣà da yanrìn sílẹ̀ lórí ìwé ìròyìn. Bátìrì dúdú kan yọ jáde, ó wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ihò ọ̀bẹ wà lára rẹ̀.

"Bọ̀dá Amòye," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí jẹ́jẹ́, "ẹ tú báńdéèjì yín ká wò ó. Ọ̀bẹ kì í gé ènìyàn kó léròrò."

Amòye kò tú u. Ó dìde, ó wọ inú yàrá, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Ẹ̀wù kan ló fi wé láptọ́ọ̀pù náà, bí ẹni wé ọmọ.

"Ọjọ́ Ajé ló sọ fún mi," ló wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mo ní kò mọ̀ ọ́n lò ni. Mo sì ti mọ̀ pé bátìrì ni. Mi ò lè padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni yìí, Ìsípẹ́kítọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo fọ́n níbẹ̀? Mo lọ ra bátìrì níbòmíì. Mo ní kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, màá ti pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àtè yẹn le. Mo fi ọ̀bẹ gbé e díẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni. Mo rí i tó ń wú, èéfín bo ojú mi…"

"Lẹ bá lọ ya àwọ̀n fèrèsé," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí.

"Mo ní tí wọ́n bá ní olè ni, olè lásán ni. Wọn á ṣépè, wọn á gbàgbé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní èmi ni…"

Ẹlẹ́nu-bí-Rédíò gba láptọ́ọ̀pù náà. Ó ṣí abẹ́ rẹ̀, ó tan iná fóònù sí i. Gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀. Inú ẹ̀rọ náà dúdú láti etí kan dé èkejì, ó ti yọ́ pọ̀ bí ìda àbẹ́là. Ó pa á dé.

"Ó ti kú," ló wí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì yíjú sí Tíṣà. "Tíṣà, mo…"

"Ó ti tán, mà," ni Tíṣà wí. Ó ká ìwé ìròyìn tòun ti yanrìn rẹ̀, ó gbé e jáde.

Ìsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Nọ́ọ̀sì. "Ọmọ mi, àṣẹ rẹ ni mò ń dúró dè. Ṣé kí n mú wọn lọ sí àgọ́?"

Nọ́ọ̀sì wo àtàǹpàkò bọ̀dá rẹ̀. Ó dìde, ó mú àpótí egbòogi rẹ̀, ó jókòó tì í, ó tú báńdéèjì náà. Ó ti léròrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

"Kí la máa fi ṣe, mà?" ló wí. "Tẹ́ ẹ bá mú wọn, ṣé aago máa padà sẹ́yìn?"

Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò aṣọ iṣẹ́. Aago méjìlá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò agogo inú fóònù náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó má baà gbàgbé. Ó jẹ́ kó máa dún. Ọwọ́ rẹ̀ ń fi òwú nu egbò náà lọ, ó ń nù ún bọ̀, títí fóònù fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì wo ọmọ, ó wo àbúrò. Àdúrà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Èpè tó ti ń kó jọ láti àárọ̀ kò rí orí tí yóò bà lé. Ó na ọwọ́ sí èjìká Amòye, ohun tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ láti kékeré ló sì jáde, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Amòye… ọmọ a-tú-ẹ̀rọ-palẹ̀…"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Amòye wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì mí mọ́."