Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ọkọ̀ Pẹrẹsẹ

Ẹ lè pè mí ní aláròyé, ṣùgbọ́n ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Káfíńtà ló fẹ́ ẹ. Ìyàwó àkọ́fẹ́ káfíńtà yìí ti kú lọ́dún mẹ́ta ṣáájú. Àìsàn ló pa á, lórí ibùsùn, níṣojú gbogbo ẹbí. Wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ọkọ̀ ojú omi tí tọkọtaya náà jọ rà.

Ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni. Wọ́n tẹ́ pákó lé orí àgbá gígùn méjì tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn, wọ́n wá to àga yí i ká bíi pálọ̀. Ẹ̀yìn ilé, létí adágún, ni wọ́n so ó mọ́.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí káfíńtà bá ti gbọn eruku pákó kúrò lára, kò ní wọlé wá wo ọmọ tí ìyàwó tuntun yìí bí fún un. Ọkọ̀ ló ń lọ. Á jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, kò ní tan ẹ́ńjìnnì. Á kàn jókòó. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Orogún tó wà láàyè, èèyàn lè wọ́ gèlè lórí ẹ̀. Èyí tó ti kú ńkọ́? Ibo lẹ ti fẹ́ rí gèlè ọ̀hún dì mú?

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ń sá aṣọ ọmọ. Ó wo ọkọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ẹ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́. Igun ẹ̀yìn, lápá òsì, rì wọ omi ju àwọn tó kù lọ. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Bàbá Ọmọ, kí ló dé tí ọkọ̀ yìí fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

"Bóyá omi ló wọ inú àgbá."

Ó nàka sí igun náà.

"Ibẹ̀ ni ìyálé ẹ máa ń jókòó sí."

Obìnrin náà ju aṣọ tó ń sá sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì ọkọ̀ omi. Mẹkáníìkì tú ọmọrí àgbá, ó ki igi bọ̀ ọ́, ó fà á yọ. Igi gbẹ.

"Ìyàwó wa, àgbá yín ò jò o. Ẹ kàn bá mi sọ fẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ kó dìde díẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò dúró gba omi mu.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí obìnrin yìí nínú. Tó bá ní kí wọ́n ta ọkọ̀, ọkọ rẹ̀ á kọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní kí wọ́n fi tọrẹ, ta ló máa ní òun ò ṣàánú? Ilé ìtọ́jú kan wà ní ìlú kejì, létí odò, tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí kò lè rìn. Iwájú ìyá ọkọ ló ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, níbi tí ọkọ ò ti ní lè jiyàn.

"Ọkọ̀ kàn dúró lásán, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ò sì rí nǹkan gbafẹ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá?"

Ìyá ọkọ ṣàdúrà títí. "Wò ó, ọmọ mi, ìyàwó rere lo fẹ́ yìí."

Káfíńtà wolẹ̀. "Kò burú."

Owú gbé ẹ̀wù àánú wọ̀, gbogbo ayé wá ń kí i kú iṣẹ́.

Mátírónì ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ló bá tirélà wá. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ gòkè.

"Ẹ ò ní mú nǹkan kan kúrò lórí ẹ̀ ká tó máa lọ?"

"Rárá, mà. Ẹ máa gbé e lọ, tòun ti gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀."

Káfíńtà yíjú wò ó. Kò tíì fi irú ojú yẹn wò ó rí. Tirélà gbéra. Táyà ẹ̀yìn, lápá òsì, tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ilé tòrò. Ọkọ ń gbé ọmọ jó. Obìnrin náà ń kọrin nídìí àwo fífọ̀.

Fóònù bá dún, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta torí ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀. Mátírónì ni.

"Ìyá Ọmọ, ẹ ṣé gan-an o. Ẹ sì bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí."

"Àǹtí wo, mà?"

"Èyí tó bá ọkọ̀ wá. Èmi ò tíì bá a pàdé o, àwọn ọmọ ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, ó máa ń di àwọn lẹ́wù mú kí àwọn má ṣubú."

Obìnrin náà nu ọwọ́, ó pa fóònù. Ó yíjú. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́.

Ní Sátidé, káfíńtà fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Ibo là ń lọ?"

"Wọn ò lẹ́ni tó máa bá wọn tukọ̀. Ṣebí ìwọ lo ní ká ṣàánú."

Obìnrin náà bá a wá bàtà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi pè é.

Sátidé di Sátidé àti Ọjọ́rú. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké tí bàbá rẹ̀ bá gbé e, bí ìgbà tí àlejò gbé e. Èyí ló dun obìnrin náà wọra. Ní Sátidé kẹrin, ó pọn ọmọ, ó tọ ọkọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Odò dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹyẹ ò ké. Ọmọ méje ti wà lórí ọkọ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Káfíńtà wà nídìí ìtọ́kọ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Àwọn ọmọ fún ara wọn pọ̀ sápá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n fi àga igun òsì sílẹ̀ lófo. Ibẹ̀ ló rì jù.

Obìnrin náà gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀. Ẹni tó bá ti wọ irú ọkọ̀ yẹn rí mọ̀ pé tóo bá tẹ̀ ẹ́, á fì díẹ̀. Kò fì. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì lé e, abarapá obìnrin, tòun tọmọ lẹ́yìn. Ọkọ̀ ò mira. Ó fi gìgísẹ̀ kilẹ̀. Omi ò gbọ̀n.

"Ẹ jókòó o," ọmọbìnrin kan sọ. "Àǹtí ní ẹ máa ṣubú."

"Àǹtí dà?"

Ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ ò rí wọn ni?"

Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ rẹ́rìn-ín kèékèé. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí àga tó ṣófo. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń nawọ́ sí bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà jókòó wàrà, ó tú u sílẹ̀, ó fún un mọ́ àyà.

A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ṣùgbọ́n òfin mátírónì ni pé kí wọ́n ka orí kí ọkọ̀ tó ṣí. Káfíńtà yíjú padà. Oòrùn kọ sí i lójú. Ó ń nàka, ètè rẹ̀ ń mì.

"Mẹ́wàá," ló sọ. "Ó pé."

Ó tan ẹ́ńjìnnì.

Obìnrin náà tún un kà. Ọmọ méje. Ọmọ tirẹ̀, mẹ́jọ. Ọkọ rẹ̀, mẹ́sàn-án. Ó ku obìnrin kan. Ọ̀kan ṣoṣo.

Kò bi í léèrè pé, nínú òun àti ìyálé òun, èwo ló kà. Títí dòní, kò tíì bi í. Ó ní òun mọ ọkọ òun. Kì í purọ́.