Àpótí Mẹ́wàá, Orúkọ Kan

Àpótí mẹ́wàá ló wà lórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju páálí ọṣẹ lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré ló wà nínú wọn. Wọ́n fẹ́ so wọ́n mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní ilé ìtọ́jú mẹ́wàá, kí àwọn aláìsàn lè máa rí nọ́ńbà ẹni tó kàn. Bí iná bá lọ tó sì padà, kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ tan fúnra rẹ̀, kó sì ṣí ojú ìwé ilé ìtọ́jú tirẹ̀.

Tanti Nimatou ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń to àwọn kọ̀ǹpútà náà, ní àdúgbò Houinmè. Zouleyhath, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá sí ilé-ìwé. Tẹ́lẹ̀, wákàtí kan ni wọ́n fi ń to kọ̀ǹpútà kan. Zouleyhath wá kó gbogbo àṣẹ sínú fáìlì kan. Fáìlì náà á béèrè orúkọ ilé ìtọ́jú, lẹ́yìn náà á ṣe iṣẹ́ tó kù fúnra rẹ̀.

"O gbìyànjú," ni Tanti Nimatou wí. "Ṣùgbọ́n tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Yọ iná rẹ̀, dá a padà, kí o ka orúkọ tó bá jáde. Ìgbà yẹn ni kí o tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Mo ń lọ sọ́jà."

Ọjọ́ yẹn ni ilé-ìwé wọn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Idriss, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ti wọ bàtà tán.

"Zulé, ti ilé ìtọ́jú Houinmè ti ṣiṣẹ́. Da káàdì ìrántí inú rẹ̀ kọ sórí ti mẹ́sàn-án tó kù, ká máa lọ."

"Tanti ní kí n yẹ̀ wọ́n wò."

"Bí o bá se ẹ̀wà, ṣé hóró kọ̀ọ̀kan lo máa ń tọ́ wò?"

Zouleyhath rẹ́rìn-ín. Ó da káàdì náà kọ, ó sàmì sí àpótí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n sì lọ. Kò rántí pé ẹ̀dà kì í béèrè orúkọ; orúkọ ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́ ló máa gbé lọ síbi gbogbo.

Tanti Nimatou rí àmì, ó fi àwọn àpótí náà ránṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ńbà ilé ìtọ́jú Houinmè ló ń jáde níbi gbogbo.

Ní ilé ìtọ́jú Akpro-Missérété, Ìyá Àrìnpé gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lójú tẹlifíṣọ̀n, ó gbà pé òun ti pàdánù àyè òun, ó sì gbé ọmọ padà sílé. Lọ́sàn-án, gìrì mú ọmọ náà. Àwọn aládùúgbò fi zémìjàn, alùpùpù akérò, gbé e sáré padà sí ilé ìtọ́jú. Kò kú.

Ilé ìtọ́jú tẹ Tanti Nimatou láago. Ó pe Zouleyhath àti Idriss.

"Sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," Idriss rọra sọ létí Zouleyhath.

Ìyẹn ì bá rọrùn. Bó bá sọ òótọ́, ó lè pàdánù iṣẹ́ tó ń kọ́. Ó wo ilẹ̀.

"Tanti, ọ̀kan péré ni mo yẹ̀ wò. Mo purọ́ lórí mẹ́sàn-án."

Tanti Nimatou kò pariwo. "N kò ní jẹ́ kí o dá sàmì sí iṣẹ́ mọ́ títí ọdún yìí á fi parí. Ìwọ náà, Idriss. Gbé àpò irinṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn la máa kọ́kọ́ dé."

Ọmọ náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń mu ẹ̀kọ. Zouleyhath kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó ṣe. Ìyá Àrìnpé gbọ́ ọ dópin.

"Mo rò pé èmi ni mo pẹ́ dé," ó wí. "Mo ń bẹ ọmọ lójú ọ̀nà pé kó má bínú sí mi."

Zouleyhath dìde, ó lọ sí ilé ìtọ́jú, ó tún àpótí ibẹ̀ tò, ó yọ iná rẹ̀, ó dá a padà, ó sì ka orúkọ tó jáde.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le. Ohun tí a bá ní kí ẹ̀rọ ṣe ló máa ṣe, ìbáà jẹ́ àṣìṣe, nígbà mẹ́wàá láìsinmi. Ẹni tó bá ní òun ti yẹ iṣẹ́ kan wò, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, irọ́ ló pa, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló sì máa jìyà rẹ̀.