Kúlà Tí Yínúsà Ń Gbé Lọ sí Alábà

Ọ̀sán pọ́n ní Alábà. Yínúsà, tó ń ta rédíò, ṣí kúlà tí ìyàwó rẹ̀ di oúnjẹ sí. Àlàní, tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra, ń jẹ míìtì páì, ó ń fi mínírà tì í.

"Ọkọ Mùsítúrà," ni Àlàní wí, "oúnjẹ ọmọ iléèwé ti dé."

Yínúsà bu ọbẹ̀ sẹ́nu. Ọbẹ̀ náà dùn.

Tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń jẹ adìyẹ díndín àti míìtì páì lójoojúmọ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Okokomaiko. Nígbà tó yá, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Yínúsà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó yé jẹun níta. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá lẹ́sẹ̀ ní Ìjànìkin.

Ó ń lo oògùn, ó ń jẹ oúnjẹ ilé. Síbẹ̀, nígbà tó padà lọ yẹ ara wò, ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó síwájú ilé wọn ní Ajangbádì, ó dorí kodò. Mùsítúrà ń sunkún. Nọ́ọ̀sì Morẹ́nikẹ́, ọmọ Èkìtì tó ń gbé ilé kejì, gbọ́ ẹkún náà, ó sì wá bá wọn. Ó ní kí wọ́n fi ìkòkò ọbẹ̀ han òun. Ó tọ́ ọ wò, ó sì tọrọ omi mu.

"Ìyá Abọ́lá, ta ló kọ́ yín ní ọbẹ̀ yìí?"

Mùsítúrà ṣàlàyé pé nígbà tí ọkọ òun kọ́kọ́ padà sí oúnjẹ ilé, ńṣe ló ń gbé àjẹkù bọ̀, ó ní kò dùn tó ti ìta. Ẹ̀rù ba òun pé yóò padà síbẹ̀. Ni òun bá lọ bẹ obìnrin tó ń dáná ní ṣọ́ọ̀bù Okokomaiko náà pé kó kọ́ òun. Láti ìgbà náà, òróró pọ̀, màgí pọ̀, òun a sì tún bu iyọ̀ lé e.

"Ó ń lá inú kúlà," ni ó wí. "Inú mi ń dùn."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ṣọ́ọ̀bù Okokomaiko ló ti kó wá sí ilé ìdáná yín. Màgí yẹn náà, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Yínúsà gbé orí sókè. "Ṣé kì í ṣe pé ti ẹ̀gbọ́n mi ti dé bá mi?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ iyọ̀ yìí kúrò ná. Ẹ má sì dá oògùn dúró."

Mùsítúrà yí ọwọ́ padà. Ata, àlùbọ́sà, irú, ẹja tútù, ẹ̀fọ́ púpọ̀. Iyọ̀ díẹ̀, òróró díẹ̀. Yínúsà kùn. Ó jẹ ẹ́.

Nígbà tó tún lọ yẹ ara wò, ẹ̀jẹ̀ náà ti wálẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un wò. Ó ti wálẹ̀ lóòótọ́.

Mùsítúrà ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Yínúsà gbé kúlà òfìfo lé e lọ́wọ́.

"Ó ti wálẹ̀," ni ó wí.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàní ní kí òun tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó fi díẹ̀ sẹ́nu. "Kò níyọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Yínúsà wí. "Máa jẹ ẹ́ lọ."

Oúnjẹ ilé sàn ju ti ìta lọ, nítorí pé ọwọ́ wa ni iyọ̀ àti òróró rẹ̀ wà. Bí a bá ń bù ú bíi ti àwọn tó ń tà, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ dín iyọ̀, màgí àti òróró kù. Ẹ má dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le náà, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹnu á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ fún un lásìkò. Ẹnu Yínúsà náà padà gbà á.